Táǹkì Epo Tó Ti Jẹrà Lábẹ́ Ọkọ̀ Àgbẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù)

  

Lónìí, n kò gbé ọ̀rọ̀ àgbàdo wá, n kò sì gbé ti ajílẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ táǹkì epo ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n rán an sí wa, kí ló wá kàn án nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ẹ̀gẹ́ tí a bá wú, tí kò bá dé ibi tí wọ́n ti ń rin ín láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Tòmátì tó ti pọ́n kò ní ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ohun tó sì ń gbé wọn jáde lóko fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni píkọ̀ọ̀pù àtijọ́, pàápàá jù lọ Peugeot 504. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ yẹn jáde nílẹ̀ Faransé, ọdún 1975 sì ni ilé iṣẹ́ tó ń tò wọ́n ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣíwọ́ títò ó. Nítorí náà, kò sí 504 kankan lọ́wọ́ wa tó jẹ́ ọmọdé mọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, kò sì sí mẹkáníìkì abúlé tí kò mọ̀ ọ́n tú kó sì tún un tò. Ṣùgbọ́n táǹkì epo rẹ̀, páànù ni. Páànù sì máa ń dógùn-ún.

Ohun tó mú mi sọ ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí mo máa ń dé. N kò ní dárúkọ abúlé náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Táǹkì píkọ̀ọ̀pù bàbá kan ń jò. Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n gbọ́n epo inú rẹ̀ tán, wọ́n dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọ́n wá gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà lẹ́bàá ọ̀nà. Ilé kejì ni mo wà, tí èmi àti àwọn ìyá kan jọ ń sọ̀rọ̀ igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn. Nígbà tí a gbọ́ ìró yẹn, mo rò pé táyà tírélà ló bẹ́. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, táǹkì ti ya bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ ya agolo mílíìkì, ọmọ iṣẹ́ tó bá ọ̀gá rẹ̀ dì í mú sì wà nílẹ̀, àyà rẹ̀ àti apá ọ̀tún rẹ̀ ti bó. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n apá yẹn kò tíì ṣe é nà tán títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Bàbá tó ni ọkọ̀ ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lórí ìdúró, láìtíì wú u, kó lè rí owó ilé ìwòsàn san.

Ohun tí gbogbo wọn ń tẹnu mọ́ lọ́jọ́ náà ni pé, "Ó ṣófo kẹ̀! Ó ti gbẹ!" Òun gan-an ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Bẹntiróòlù olómi fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gbiná. Afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀, èyí tí imú wa ń gbọ́ òórùn rẹ̀, òun ló ń gbiná nígbà tó bá dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ó sì ń tú jáde tọ̀sán-tòru, ìbáà jẹ́ nínú ọyẹ́. Bí ẹ bá pín afẹ́fẹ́ inú táǹkì sí ọ̀nà 100, tí ti epo tó wà nínú rẹ̀ bá wà láàárín bí 1.4 sí 7.6, ìṣáná kan ṣoṣo tó láti mú un bú. Táǹkì tó kún, afẹ́fẹ́ epo ti pọ̀ jù nínú ibi kékeré tó ṣẹ́ kù lókè. Táǹkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n epo inú rẹ̀ tán ló máa ń bọ́ sí àárín gbùngbùn yẹn. Fún táǹkì tó ń gba bí lítà 60, bẹntiróòlù tí kò ju ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì lọ ti tó láti sọ gbogbo inú rẹ̀ di ẹ̀tù ìbọn. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ṣíbí kan kò há sínú ìdógùn-ún, tàbí sí ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ páànù méjì pọ̀? Oòrùn kò lè gbẹ èyí tó há síbẹ̀. Iná wẹ́dà ló máa lé e jáde, ẹ sì mọ ohun tó máa bá pàdé níta.

Ohun kejì ni pé afẹ́fẹ́ epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Kì í fò lọ sókè bí èéfín. Inú táǹkì ló máa ń jókòó sí bí omi nínú agbè, bó bá sì tú síta, ilẹ̀ ló máa ń rìn gbà. Bí ẹ bá ń gbọ́n epo ní ẹ̀yìnkùlé, tí àwọn ìyá ń yan gàrí ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ náà lè rìn lọ bá ààrò wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, kí iná sì bá ojú ọ̀nà kan náà padà wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹni tó ń lo dísù á ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ó kàn án. Dísù kì í tètè gbiná bíi bẹntiróòlù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná wẹ́dà bá mú páànù gbóná, dísù tó há sínú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́ òun náà, á sì bú. Nítorí náà, táǹkì katakata, táǹkì ẹ̀rọ tí ẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́, táǹkì jẹnẹrétọ̀, òfin kan náà ló de gbogbo wọn.

Kí ló ń jẹ́ kí táǹkì jẹrà gan-an? Omi ni. Lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, afẹ́fẹ́ tó wà nínú táǹkì tí kò kún á sẹ ìrì sára páànù láti inú. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń lọ jókòó sí, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹ irin. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti tán, lítà 5 lítà 5 ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. Mo mọ ìdí rẹ̀, àpò èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí epo ṣe kéré tó nínú táǹkì, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí ìrì máa sẹ̀ sí ṣe pọ̀ tó. Ẹ tún rántí pé ní oṣù Kejì 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ ìlú. Irú epo bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra. Ọkọ̀ tí a bá gbé kalẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ oko ti dínkù títí di ìgbà ìkórè, tí epo díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyà yẹn á jẹ ẹ́ dáadáa. Láti ìta ńkọ́? Ẹrẹ̀ tó há sábẹ́ bẹ́líìtì irin tó gbé táǹkì ró, tó ń rin gbingbin láti òjò dé òjò, òun ló ń jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ fi etí sí ọkọ̀ yín. Bó bá ń sáré dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, tó ń já, tó ń já, tó wá kú, tí ẹ sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tún ṣiṣẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan, ìdógùn-ún ló ṣeé ṣe kó máa lọ dí ẹnu páìpù tó ń fa epo. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìdógùn-ún náà á tún padà wálẹ̀. Ẹ tú fítà epo, ẹ dà á sórí aṣọ funfun. Bó bá pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ọ̀rọ̀ ti yé yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá táǹkì lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí rẹ̀. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa ráàyè wọlé bí epo bá ṣe ń lọ. Bí ihò tíńtín tó wà fún un bá ti dí, ọkọ̀ á máa kú bákan náà, tí ẹ bá sì ṣí ìdérí, ẹ máa gbọ́ "ṣíìì" bí ó ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Mo ti rí ẹni tó ra táǹkì mìíràn nítorí ìdérí tí abẹ́rẹ́ lásán ì bá là.

Bó bá jẹ́ pé ó ń jò, ẹ má fojú kékeré wò ó. Kí ẹ̀kán kan máa bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó lè tó lítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Bí ó bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà oko, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ líle ra ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ délé ló wà fún o, kì í ṣe kí ẹ fi kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò, ẹ lọ sí gbangba níbi tí kò sí iná, kí ẹni tó ń mu sìgá sún sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí epo bọ́ sínú garawa irin láti ìsàlẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á. Mo tún un wí: ẹ má fi ẹnu fà á. Bẹntiróòlù tó bá yà sí ẹ̀dọ̀fóró lè pa èèyàn. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sì ti gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì jẹ́ kó bì í, nítorí ìgbà tó bá ń bì í gan-an ló máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Bó bá ti wà nílẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ómò fọ inú rẹ̀, ẹ mì í, ẹ dà á nù, kí ẹ tún ṣe é bẹ́ẹ̀ títí òórùn á fi lọ. Kì í ṣe ẹ̀bá kànga ni kí ẹ da omi náà sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bá odò tàbí adágún ẹja. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi irin ṣóńṣó tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ káàkiri. Bí irin náà bá ń wọlé bí ìgbà tí a tẹ ẹ̀bá, táǹkì yẹn ti kú. Ẹ má náwó lé e lórí. Bí ihò rẹ̀ kò bá ju ojú abẹ́rẹ́ kan tàbí méjì lọ, tí ara tó kù sì le, a lè tọ́jú rẹ̀.

Ìdógùn-ún inú rẹ̀ ń kọ́? Ẹ da omi ọṣẹ díẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ wá kó nọ́ọ̀tì àtijọ́ sí i, ẹ mì í títí. Omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí irin má baà ṣáná. Ẹ ka nọ́ọ̀tì náà kí ó tó wọlé, kí ẹ sì kà á nígbà tó bá jáde. Ẹyọ kan tó bá ṣẹ́ kù á máa bá yín sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ẹ da fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn kan máa ń lo ásíìdì bátìrì. N kò fọwọ́ sí i. Ó máa ń jẹ páànù tó kù, ó máa ń bó èèyàn lára, afẹ́fẹ́ tó sì ń jáde nígbà tí ó bá ń jẹ irin, òun náà ń gbiná. Bí ìdógùn-ún bá ti lọ, ẹ fi omi eérú ṣan inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, nítorí òun ló ń pa kíkan tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ sá a kí ó gbẹ kánkán, kí ẹ sì fi dísù díẹ̀ yí inú rẹ̀ ká lójú ẹsẹ̀. Páànù tí a bó báyìí, tí a bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìfi nǹkan kùn ún, á tún ti pọ́n.

Láti mọ ibi tó ń jò, ẹ bu omi kún un, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, ẹ wá fi ẹfun kùn ún láti ìta. Ibi tó bá dúdú lára ẹfun, ibẹ̀ ni. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà pé kó fún un ní afẹ́fẹ́. Agbára ẹ̀rọ yẹn pọ̀ ju ti táǹkì lọ, ó lè fà á ya. Ihò tíńtín yẹn, ẹ fi yanrìn ha ojú rẹ̀ títí irin á fi dán, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù irin onítúúbù méjì, èyí tí a máa ń pò pọ̀, lẹ páànù kékeré mọ́ ọn. Ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan kó le. Kò sí iná nínú iṣẹ́ yìí rárá. Gọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe àìkú o; ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ páànù pọ̀, kì í sábà dúró níbẹ̀.

Wẹ́dà yín á sọ pé òun máa ń bu omi sí i kí òun tó jó o, tàbí pé òun máa ń fi èéfín sálẹ́ńsà lé afẹ́fẹ́ epo jáde, àti pé ó ti lé lógún ọdún tí òun ti ń ṣe é. Èmi kò bá a jà. Fífọ̀ àti omi máa ń dín ewu náà kù, wọn kì í mú un kúrò pátápátá, ti èéfín sálẹ́ńsà kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé rárá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jó lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn, ọ̀gá rẹ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ní tèmi, táǹkì tí gọ́ọ̀mù kò bá lè mú, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lè lọ ra àlòkù lọ́jà, bíi ní Agodi Gate ní Ìbàdàn tàbí ní Ládìpọ̀ ní Èkó. Ẹ ní kí wọ́n tú ohun tó ń wọn epo lójú yín, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni mo wí o, kì í ṣe ìṣáná. Ọ̀dà tuntun lára táǹkì kò sọ nǹkan kan nípa inú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí wẹ́dà ṣe tuntun láti inú páànù tí kò rí epo rí. Èyí kò ní ewu bíbú. Kí ó fi ògiri oníhò sí àárín rẹ̀ kí epo má baà máa rọ́ síwá sẹ́yìn, kí ó sì wọn ti àtijọ́ lójú, kí ó gbé e jìnnà réré kí ó tó tan iná. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tí mo ti rí: àwọn kan máa ń gé ọrùn táǹkì àtijọ́, kí wọ́n lè jó o mọ́ tuntun nítorí owó páìpù. Ewu tí a sá fún ti padà gba ẹ̀yìn wọlé nìyẹn. Kí ó wá ọrùn tuntun.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ fi awẹ́ rọ́bà sáàárín bẹ́líìtì irin àti táǹkì kí ẹrẹ̀ má baà ráàyè. Ẹ ha ọ̀dà ibi tí wáyà rẹ̀ ti máa kan irin ara ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, géèjì á máa purọ́ fún yín. Ẹ fi fítà tuntun sí i, kí ẹ sì tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí ìdọ̀tí tó ti wọ páìpù tẹ́lẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Lẹ́yìn tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí tán níbi ìpàdé, bàbá kan béèrè pé, "Ọmọ mi, owó táǹkì kò sí báyìí, ìkórè sì ti dé. Kí ló burú nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí mo fi rọ́bà so mọ́ kábúrétọ̀?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ibi tó gbóná jù lára ọkọ̀ lẹ gbé epo sí yẹn. Bí rọ́bà yẹn bá yọ lójú gbágun-gbàgun, orí irin sálẹ́ńsà ló máa dà sí, ẹ̀yin àti ìyàwó yín sì wà níwájú." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á rò ó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kọjá lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n àti àbúrò wọn ti pa owó pọ̀, ọkọ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ń háyà fún ẹ̀gẹ́ títí tí wẹ́dà á fi ṣe táǹkì tuntun náà tán. Kẹ́ẹ̀gì yẹn wà lábẹ́ igi máńgòrò, omi adìyẹ ni wọ́n fẹ́ máa fi pọn. Mo ní kí wọ́n gbé e jù nù.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó wá bá mi níbi ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.